Kí Akápò Náà Lè Ka Èsì Ìdánwò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èmi ni mo máa ń dán ètò kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tí yóò lò ó.

Ká ní ẹgbẹ́ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ka owó oṣooṣù. Ìbéèrè la ó kọ́kọ́ bi ètò náà. Bí báǹkì bá fi ìròyìn N500 kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kà á? Bí ènìyàn bá san àsansílẹ̀ ńkọ́? Irinṣẹ́ bíi JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma ṣe, ló ń bá wa bi í. Èsì rẹ̀ sábà máa ń jáde ní XML, ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí W3C fọwọ́ sí ní 1998.

XML kò rọ ojú ènìyàn lọ́rùn. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní testcase tirẹ̀, èyí tó bá kùnà ni failure wà nínú rẹ̀, ìlà lórí ìlà. Ẹ gbé ẹgbẹ̀rún ìlà bẹ́ẹ̀ fún akápò, yóò kàn fọwọ́ sí i ni. Owó ẹgbẹ́ sì rèé!

XSLT, tó jáde ní 1999, ló ń sọ ọ́ di ojú ewé tó ṣeé kà. Ìlànà la ó kọ fún un: níbi tí o bá ti rí testcase, fi orúkọ rẹ̀ sínú tábìlì, bí failure bá wà nínú rẹ̀, kùn ún ní pupa, kí o sì kọ ìdí rẹ̀. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ xsltproc á pa ìlànà àti èsì pọ̀, HTML á jáde. Ìlànà tí a kọ lẹ́ẹ̀kan, títí lọ ni a ó máa lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Error náà wà, ìyẹn ìgbà tí ètò náà dákú kó tó dáhùn. Ìlànà tó bá ń wá failure nìkan yóò ka òun náà mọ́ àwọn tó yege. Àwọn kan tún máa ń kọ “Ìkùnà: 0” gàdàgbà ní àwọ̀ ewé. Èmi kì í gba irú rẹ̀. Bí ìdánwò kankan kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ìkùnà á ṣáà jẹ́ 0! Iye tí a dán wò ni kó wà lókè pátápátá. Bó bá yẹ kó jẹ́ 40 tí a sì rí 12, kí akápò rí ìyẹn ṣáájú ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbìyànjú, orí kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ ti yí i padà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún Chrome. Ní 2025 ni àwọn tó ń ṣe é kéde pé àwọn yóò yọ XSLT kúrò. HTML tó ti délẹ̀ ní tirẹ̀, fóònù akápò á ṣí i.

Mo gbé ọ̀kan wá, ó wà lórí kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ yà wò ó.