Iṣẹ́ Jíjẹ́ Ni Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ọmọ

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó yẹ kí ọmọ lè ṣe bí ó ti ń dàgbà. Àwọn baba wa kò fi ọjọ́ orí nìkan wọn ọmọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí a ti ń ka ọdún lóde òní, n ó fi ọdún là á.

Ní ọdún 3, kí ọkùnrin lè dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin lè kúnlẹ̀, kí wọ́n sì lè dárúkọ ara wọn ní pípé. Ní ọdún 5, kí ọmọ mọ oríkì rẹ̀, ìbáà ṣe Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, kí ó sì mọ orílẹ̀ baba rẹ̀. Kí ó ka ení, èjì dé ogún, kí ó mọ̀ pé ogún tí a yọ ẹ̀rin kúrò nínú rẹ̀ ni ẹẹ́rìndínlógún.

Ọdún 7 ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Kí ọmọ lè jẹ́ iṣẹ́: “Sọ fún Ìyá Àgbà pé a ń bọ̀ lọ́la, kí wọ́n má ra obì, àwa ni a ó mú un wá.” Kí ó gbé gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débẹ̀ láìsọ ọ̀kan nù, kí ó sì gbé èsì bọ̀ láìfi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀kọ́ Ifá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí inú ni a ń kó Ifá sí. Ojú odù jẹ́ 16, gbogbo odù jẹ́ 256, ẹsẹ̀ inú wọn kò sì lóǹkà. Ọmọ tí gbólóhùn mẹ́ta ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe ru ẹrù yìí?

Nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo máa ń dá àwọn tí a ń rán níṣẹ́ nílé mọ̀: wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dìde.

Ní ọdún 10, kí ọmọ lè to ojú odù láti Ogbè dé Òfún. Ní ọdún 14, kí ó ti gbọ́n débi pé bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Lónìí, fóònù ni ó ń bá wa jẹ́ iṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń bá ọmọ wí. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ àjogúnbá pàtàkì gbogbo ayé. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìkéde kò lè kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá kú láìrí ẹni gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ rán ọmọ yín níṣẹ́ ẹnu kan lójoojúmọ́, ní èdè Yorùbá. Ẹ ní kí ó tún un sọ sí yín létí kí ó tó lọ. Bí ó bá dé, ẹ jókòó gbọ́ èsì rẹ̀ tán.

Ifá kò ní parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.