Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara

Ẹ̀yin olùwòran, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó oúnjẹ láti Òkè Ọya wọ ọjà Máìlì 12, ní Kòsọ́fẹ́. Oúnjẹ bí èpà àti àgbàdo, bí a kò bá sá a gbẹ kí a tó dì í sápò, a bu. Ohun tí ó hù lára rẹ̀ a sì tu oró kan tí à ń pè ní aflatoxin sínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni oró yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù.

Ọṣẹ́ wo ni? Ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe léṣe. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ wíńníwíńní tí a fi mọ ara, ni jíìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè èròjà p53. Ní 1979 tí àwọn onímọ̀ rí p53, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọ̀daràn tí ń fa jẹjẹrẹ. Ọdún 1989 ni ó tó hàn sí wọn pé ẹ̀ṣọ́ ni. Bí àbùkù bá dé bá sẹ́ẹ̀lì, p53 a dá a dúró kí àtúnṣe lè wáyé. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, a pàṣẹ kí ó kú. Nínú nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ènìyàn, ẹ̀ṣọ́ yìí ti bàjẹ́. Ní 1991, ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní gúúsù Áfíríkà àti ní Ṣáínà fi hàn pé ojú kan náà, ojú 249, ni jíìnì yìí ti sábà ń bàjẹ́. Ipasẹ̀ aflatoxin ni. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní Gámbíà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni kò ní àrọ́pò bí ó bá kú. Nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn Alzheimer mú kí iyè wọn rà, wọ́n rí i pé p53 pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2002, àwọn eku tí p53 wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tètè darúgbó. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ara ń fẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Yíyan tàbí sísè kì í mú oró náà kúrò tán. Kí a sá èpà gbẹ dáadáa, kí a ṣa èyí tí ó bu dànù, kí a má fi í ṣe kúlíkúlí. Kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún ọmọ, nítorí pé ẹni tí àrùn yìí bá ń bá jà tí ó tún ń jẹ aflatoxin, ewu rẹ̀ di ìlọ́po. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ ọmọ ní Kétu tàbí ní Ìkòsí ti gba ẹ̀dọ̀ ẹnìkan là.