Rọpárọsẹ̀ Kò Mọ Ẹnubodè

(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní London)

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlera. A kò ní pẹ́, nítorí a mọ̀ pé oúnjẹ ń tutù.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí a bá jọ pààlà náà, ará ilé ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, kí a tó rékọjá wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níhìn-ín, a wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé àpótí yìnyín káàkiri Ìdìrókò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àjẹsára rọpárọsẹ̀ ni a ń kán sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, ẹ̀kán méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ọmọ bá ti gbà á, a ó fi íǹkì sàmì sí ọmọńdinrín rẹ̀.

Ìyá kan wá bá wa lẹ́bàá ọjà, ó pọn ọmọ. A bi í níbi tí ó ń gbé. Ó ní Ìgólò ni, ní òdì kejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní Dàhòmì. A ní, “Ẹ má bínú, mà. Àwọn ọmọ tiwa ni wọ́n ní kí a kà. Àwọn ti ọ̀hún yóò wá sí ilé yín.” Ó wò wá títí. Ó ní, “Àná ni wọ́n wá. N kò sí nílé. Ọjà yín yìí náà ni mo wà.” Ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó ń lọ.

Ọ̀gá wa gbọ́. Kò pariwo. Ó ní kí a sáré lé e bá. A bá a kí ó tó dé ẹnubodè, ọmọ náà sì gba ẹ̀kán méjì tirẹ̀. Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá bi wá léèrè pé, “Bí àwọn ọ̀hún bá ní ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ náà wà, tí ẹ̀yin náà ní ọmọ ọ̀hún ni, ọmọ ta wá ni?” A kò rí èsì fọ̀. Àárín àwa àti àwọn, ibẹ̀ gan-an ni àrùn ń gbà kọjá.

Ẹnu ni kòkòrò rọpárọsẹ̀ ń gbà wọlé, ó ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì ń ti ara omi àti ọwọ́ tí kò mọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó o kì í mọ̀. Nínú bíi 200 ènìyàn, ó lè jẹ́ 1 péré ni yóò rọ. Kí a tó rí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, àrùn ti rìn jìnnà. Kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Àjẹsára ni ààbò.

Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá Nàìjíríà dá àjẹsára náà dúró, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ohun búburú wà nínú rẹ̀. Ní Kánò, ó di oṣù keje ọdún 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Àrùn kò dúró dè wọ́n. Ó wọ Níjẹ̀r, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Bùkínà Fasò, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù. Nígbà tí ó fi di 2005, ó ti dé Yẹ́mẹ̀nì àti Indonéṣíà. Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè 23 ní Áfíríkà fi pinnu ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 láti fún ọmọdé bíi mílíọ̀nù 80 ní àjẹsára lákòókò kan náà. Iṣẹ́ tí a bá wọn ṣe ní Ìdìrókò nìyẹn.

Kí ni ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àkókò kan náà? Bí ẹ bá gbá àgbàlá yín lónìí, tí aládùúgbò kò gbá tirẹ̀ títí di oṣù tí ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yóò kó pàǹtí rẹ̀ padà bá yín. Nígbà tí wọ́n tún rí àrùn náà ní Borno ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ létí Adágún Ṣáàdì tún jọ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní orílẹ̀-èdè 47 tí ó wà lábẹ́ ẹ̀ka Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà. Níbi tí ọmọ tí kò gba àjẹsára bá ti pọ̀, kòkòrò aláìlágbára inú oògùn ẹlẹ́kàán náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí èkejì fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi yí padà, tí yóò tún lágbára. Níbi tí gbogbo ọmọ bá ti gbà á, kì í rí àyè.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé nìkan ni. Ní ọdún 2022, wọ́n rí irú kòkòrò yìí nínú omi ìdọ̀tí ní Beckton, ní London wa níhìn-ín. Wọ́n rí èyí tí ó bá a tan ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti rọ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba ní kí àwọn ọmọ London láti ọdún 1 sí 9 wá gba àjẹsára kún èyí tí wọ́n ti gbà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Èkíní, bí ẹ bá délé, ẹ ṣí ìwé pupa àwọn ọmọ yín wò. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ bíi ọdún 14 ni ó ń gba ti ìkẹyìn. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ó bá fò wọ́n ṣeé gbà. Èkejì, bí ẹ bá ń múra ilé, ẹ kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ dókítà yín. Bí ẹ bá sì mú ọmọ bọ̀ láti ilé, ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.

Ẹ̀kẹta ni ó ká wa lára jù. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọmọ pamọ́ nítorí pé ìwé ìgbélùú kò tíì bọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn: ní England, kò pọn dandan kí a fi ìwé ìgbélùú hàn kí a tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, kí wọ́n wá bá wa. A ó bá wọn lọ.

A ti dá ọmọ kan padà rí nítorí ibi tí ó ti wá. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ wa. Ire á kárí.