Ìjọ Ebenésérì àti Ọ̀rọ̀ Ẹrú

Bí a ti ń yọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìjọ kékeré kan ti àwọn ọmọlẹ́yìn Luther ní ìgbèríko Georgia, ní Amẹ́ríkà. A lé wọn kúrò ní Salzburg nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ní 1734 ni wọ́n gúnlẹ̀, Ẹgbẹ́ S.P.C.K. ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ tí ó bí tiwa, sì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Òfin Georgia kò gba ẹrú nígbà náà. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí i padà, àwọn ọkùnrin Ebenésérì fọwọ́ sí ìwé ní 1739 pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. A sọ fún wọn pé aláwọ̀ funfun kò lè gbin ìrẹsì. Wọ́n gbìn ín, wọ́n sì kórè. Àwa, ọmọ àwọn tí a tà, kò lè fojú kékeré wo ìwé náà.

Boltzius, alúfáà wọn, dúró ṣinṣin pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n Urlsperger, àgbà alúfáà ní Augsburg, kọ̀wé pé bí wọ́n bá ra ẹrú láti mú un wá sọ́dọ̀ Kristi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. (Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ẹni tí ó ti fẹ́ rà!) Ní 1751 òfin náà yí padà, àwọn kan nínú ìjọ náà pàápàá sì di olówó ẹrú. Ilé ìsìn wọn, tí a fi bíríkì kọ́ tí a sì parí ní 1769, ṣì dúró. Orúkọ àwọn ọmọ ẹrú wà nínú ìwé ìrìbọmi wọn.