Títì Tó Kọjá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bárékè Ìkẹjà
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún)

  

Nígbà tí ẹ ní ká sọ̀rọ̀ lórí ààbò ọjà àti owó wa, títì kan la rántí. Kò gùn rárá. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ògùdù, tó gba Ọjọ́ta bọ́ sí Ìkòròdú Róòdù, tó dé Maryland, tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti wà lórí rẹ̀: Mobolaji Bank-Anthony Way, tó lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì yìí, tó kú ní 1991, òun ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí Àyìnkẹ́ ní Ìkẹjà, tó fi ta àwọn aboyún lọ́rẹ. Ẹ̀gbẹ́ títì náà ni bárékè ńlá àwọn ṣọ́jà wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, 27 January 2002, iná ran ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí nínú bárékè yẹn. Ìròyìn ìgbà náà ní láti ọjà kan lẹ́bàá ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà tó ń bójú tó ibẹ̀ sọ fúnra rẹ̀ pé ibi ìkó-nǹkan-ìjà-sí ọ̀hún ti pẹ́. Ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà. Àwọn kan rò pé ṣọ́jà tún fẹ́ gbàjọba ni. Gbogbo èèyàn ń sá, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa èyí tó pọ̀ jù. Omi ni. Kànáàlì kan wà ní Òkè-Àfà, lọ́nà Ìsọlọ̀, tí ewéko omi bo ojú rẹ̀. Nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe ń rì, bẹ́ẹ̀ làwọn tẹ̀yìn ń já lù wọ́n. Àwọn tó kú ju 1,000 lọ, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sọnù mọ́ òbí wọn lọ́wọ́.

Kí ló kan àwa ará Ògùdù? Ó kàn wá. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa, ọjà wa há, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ sì wà láàárín wa. Torí náà, ohun mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀ yín.

Èkíní, ẹ má tọ́jú bẹntiróòlù sínú ìsọ̀, ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó da epo sí i.

Èkejì, ẹ má fi àtẹ dí ọ̀nà àbájáde. Ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ, ọ̀nà yẹn la máa wá.

Ẹ̀kẹta, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ibi tí wọ́n á ti pàdé bí wàhálà bá dé. Kí ọmọ kékeré mọ orúkọ ìyá rẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ “Mọ́mì” nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló nira jù. Orúkọ ẹni tó máa gba owó yín bí ẹ ò bá sí ṣì ṣófo nínú ìwé ọ̀pọ̀ yín. Ẹ ní àfọ̀ṣẹ ni. Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn tó jáde nílé nírọ̀lẹ́ Sunday yẹn, ta ló kọ ikú sílẹ̀ nínú wọn? Ẹni tó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síwèé kò pe ikú, kí ìyà má baà jẹ ọmọ ló ṣe kọ ọ́. “Ìyá Bọ́lá” sì pọ̀ lọ́jà wa. Ẹ kọ orúkọ àbísọ àti ti bàbá.

Akọ̀wé máa jókòó lẹ́yìn ìjẹun. Kí ẹni tí ààyè tirẹ̀ ṣófo jọ̀wọ́ lọ bá a kó tó lọlé.