Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

 Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní cloud. Oníròyìn ni mí o, mi ò kì í ṣe ẹnjiníà. Ohun tó yé mi ni mo máa sọ.

Ìkùukùu ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí lójú ọ̀run rárá. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tó wà nínú ilé ńlá kan, tí a ń sanwó lò láti ibi tí a wà. Wáyà tó gba abẹ́ òkun ló sì ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa lọ síbẹ̀. Ẹ ó rántí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Owó ò ṣeé fi ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ báǹkì, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín. Àmọ́ wáyà Equiano tí Google mú wọ Èkó lọ́dún 2022 ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti la ọ̀nà kejì sílẹ̀ kàn yà síbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé wa ṣàpèjúwe. Bí tánkà bá ṣubú ní Mowe, tí mọ́tò tò dé Ibafo, ẹni tí kò mọ̀ ju ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ lè sun ojú títì. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè gba Sángo, kí òun gba Ifọ̀ já sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà tirẹ̀ á jìn, àmọ́ á dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe náà nìyẹn: á wo ọ̀nà tó là, á yí ẹrù gba ibẹ̀, kò ní dúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é.

Láyé àtijọ́, ẹnjiníà á jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò ó. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó mọ̀ wà. Nísinsìnyí, wọ́n á kọ àṣẹ náà sílẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, á sì ṣe é bákan náà fún ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà. Bí ẹnjiníà bá lọ, ìwé ṣì wà.

Àmọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń yára tún nǹkan ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ń yára bà á jẹ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n pa nígbà àtúnṣe já àwọn ilé kọ̀ǹpútà Facebook kúrò lára ayé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó dá àṣẹ náà dúró ní àléébù. Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀rọ ò lè ṣe olórí. Olórí ló yẹ kó ti bèèrè tẹ́lẹ̀ pé, "Bí eléyìí bá kọ̀, kí la máa ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí olùkọ́ wa kan ṣaláìsí, inú fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni nọ́ńbà gbogbo wa wà, fóònù ọ̀hún sì ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Kí ọ̀pọ̀ wa tó gbọ́, wọ́n ti sin bàbá. Mowe ni wọ́n sin wọ́n sí. Ibafo níbí ni mo wà lọ́jọ́ náà, mi ò mọ nǹkan kan. Mi ò dá akọ̀wé lẹ́bi o. Gbogbo wa la fi ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó tú ká lónìí, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wa síbi mẹ́ta: lórí cloud, nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, àti nínú ìwé. Kí èèyàn méjì, ó kéré tán, ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó bá wà nípò kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Kí a sì máa dán an wò lọ́dọọdún, bí ẹni pé ọ̀kan ti sọnù.

Àwọn olùkọ́ wa ṣì jókòó síwájú wa níbí. Ẹ má jẹ́ ká tún gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́yìn ọjọ́.

 Èdùmàrè á jẹ́ ká ṣe àmọ́dún.