Àgbẹ̀ tí ó Gba Ọmọ Ẹmùré-Ilé là ní Bọ́mà

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ-Ogun



Ní ọjọ́ 15 oṣù January lọ́dọọdún, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, ìjọba a máa to àwọn ọmọ-ogun sí pápá, wọn a gbé òdòdó sí ibojì akọni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ kí ó fò lọ. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi wà nínú igbó Bọ́mà láàrin òkú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 86 ni kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2012.

Oṣù January ọdún 1942 ni ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 16 ni. Kò bèèrè lọ́wọ́ bàbá, kò sì sọ fún ìyá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níhìn-ín mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti í rí létí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá ènìyàn kíkankíkan nígbà náà, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé ogun òmìnira ni ogun Hitler. Òmìnira ta ni? Wọn kò dáhùn èyíinì. Ní ti ọmọkùnrin tí ó mọ̀wé díẹ̀ tí kò sì fẹ́ jókòó sílé, owó oṣù ni iṣẹ́ ológun, aṣọ ni, ọ̀nà láti rí ayé ni pẹ̀lú, àwa kò sì rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́, wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ tí ń gba àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọ Bọ́mà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé nínú ìtàn ogun tí a fi kọ́ àwa gan-an ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù, a gbọ́ nípa London, a gbọ́ nípa Jámánì, a kò gbọ́ nípa Bọ́mà. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà ni a kó lọ sí ogun ọ̀hún, ọmọ Nàìjíríà sì ju ìdajì wọn lọ.  Ẹgbẹ́-ogun 81 ni ti Isaac, èyí tí ó fi aláǹtakùn dúdú ṣe àmì, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn ará Ghana tí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ máa ń borí alágbára. Àfonífojì odò Kaladan ni a rán wọn sí. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ohun èlò ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tí ó gùn ju 70 máìlì lọ gba orí òkè kọjá. Nígbà tí ọ̀nà náà sì pin, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bí ẹ̀yin ti ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní òwúrọ̀ kan ní oṣù March ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Jàpáànì yí ẹgbẹ́ Isaac ká ní etí odò náà. Ọ̀gá wọn kú. Ìbọn fọ́ Isaac lẹ́sẹ̀, òmíràn sì bà á níkùn. Àwọn ará Jàpáànì kò pa á, wọn kò sì gbé e lọ. Wọ́n fi òun àti àwọn yòókù tí ó gbọgbẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀ kí ikú wá mú wọn nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yẹn ń kú, títí ó fi ku ẹni méjì péré: Isaac, àti sájẹ́ǹtì kan tí ó jẹ́ ọmọ Sàró, David Kargbo.

Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì lò lẹ́yìn àwọn ọ̀tá.

Ta ni ó bọ́ wọn? Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ni, àgbẹ̀ onírẹsì tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yà tí ayé ń pè ní Rohingya. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ara rẹ̀, sí àárín aya àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwa ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí oúnjẹ ń jẹ́ nígbà tí àká bá gbẹ, ẹ bá wa rò ó. Ogun wà nílùú. Ẹnu méjì kún ẹnu tí ó wà nílé, ti àwọn ọkùnrin tí kò lè mú ọkọ́, tí ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ lè dìde dúró. Àwọn Jàpáànì sì ń kọjá. Bí wọ́n bá rí wọn nínú ilé náà, kì í ṣe àlejò nìkan ni wọn ì bá pa. Kò sí ọba tí ó pàṣẹ fún Shuyiman, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ṣèlérí fún un tí ó dájú pé yóò dé. Kò tíì gbọ́ orúkọ Ọ̀wọ̀ rí. Àwọn kan yóò sọ pé àánú ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú ọjọ́ kan yàtọ̀ sí àánú tí a ó tún jí lówùúrọ̀ ọ̀la, tí a ó tún bu ìrẹsì fún, oṣù dé oṣù.

Ní oṣù December ọdún 1944 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé agbègbè náà, tí wọ́n sì rí wọn. Isaac padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìntì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó padà sí Gold Coast fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà ní Accra ní ọjọ́ 28 oṣù February ọdún 1948, láti bèèrè ohun tí a ṣèlérí fún wọn. Ìbọn ni a fi dá wọn lóhùn. Mẹ́ta kú nínú wọn: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ẹni tí Jàpáànì kò rí pa, ọlọ́pàá ìjọba tí ó jagun fún ni ó pa á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ òmìnira ti gba ọ̀nà mìíràn ní Ghana.

Isaac kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ó dùn wá pé ibẹ̀ ni a ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe níhìn-ín. Ohun kan kò kúrò lọ́kàn bàbá náà: kò tíì rí Shuyiman kí ó dúpẹ́. Ní ọdún 2011, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé abúlé náà. Shuyiman ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gba lẹ́tà ọ̀hún, ọdún 67 lẹ́yìn tí àlejò wọn ti lọ. Bàbá Fadoyebo sì gbọ́ kí ó tó kú pé ọpẹ́ òun dé ilé.

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí náà. Òfin kan tí ìjọba Bọ́mà ṣe ní ọdún 1982 mú kí ọ̀pọ̀ Rohingya di ẹni tí kò ní ìlú. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ náà sun abúlé wọn, ènìyàn tí ó ju 700,000 lọ sì sá wọ Bangladesh. Àwọn ẹ̀yà tí ó fi ọmọ wa pamọ́ nìyẹn. A kò rántí pé a gbọ́ ohùn púpọ̀ láti ilẹ̀ wa lórí rẹ̀ nígbà náà, àwa pàápàá kò sì kọ ohunkóhun.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá lọ sí Bọ́mà, kí ó yà síbẹ̀ kí ó tó lọ sílé, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tí ó lọ, àti bóyá ó padà. Ẹni tí kò mọ̀wé, akọ̀wé yóò bá a kọ ọ́.